Ìka Ọwọ́ Signor Ettore

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí ẹgbẹ́ Brenta fẹ́ bá ẹgbẹ́ Tagliamento wọ̀yá ìjà, Ìbíwùmí jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Bùkọ́ nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin Padova, ó ń dirun. Iwájú ṣọ́ọ̀bù náà ni gààrí, epo pupa àti ẹja gbígbẹ wà. Ẹ̀yìn kọ́tìnì ni wọ́n ti ń ṣe irun. Oṣù September ọdún 1998 ni. Oòrùn ṣì mú, fáànù ń yí lókè, síbẹ̀ ara Ìbíwùmí kò balẹ̀.

"Fi orí rẹ sójú kan," ni Àǹtí Bùkọ́ wí, ó sì fi ìyarun gbá a léjìká. "Àbí ìwọ náà wà lára àwọn tó fẹ́ na bọ́ọ̀lù yẹn ni?"

"Ẹ má bínú, àǹtí. Wọ́n ní ọlọ́wọ́ òsì Tagliamento yẹn ló máa ju bọ́ọ̀lù lálẹ́ òní. Ó ti da wa láàmú láti ọdún tó kọjá. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ á máa bọ̀ bíi pé ó fẹ́ kan èèyàn láyà, á wá yà bàrá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

"Kí wá lẹ fẹ́ ṣe sí i?"

"Sùúrù ni. Tó bá fi máa di abala karùn-ún, apá á ti máa ro ó. Tí àwọn tiwa kò bá kánjú, tí wọn ò fi igi lé gbogbo ohun tó bá ṣáà ti jù, á rẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ la ti máa mú un. Tá a bá sì mú un, a ti wọ Serie A2 nìyẹn, ìpele tó ga ju tiwa lọ. Kò ṣẹlẹ̀ rí o, àǹtí, látìgbà tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀."

Àǹtí Bùkọ́ rẹ́rìn-ín títí. Gbogbo ọmọ Nàìjíríà tó mọ̀ ní Padova, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n ń bá kiri. Ìbíwùmí nìkan ló lè jókòó kó máa ṣàlàyé bésíbọ́ọ̀lù fún èèyàn, eré tí ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù kékeré, tí ẹnì kejì á fi igi nà án, tí á wá sá yípo pápá láti ibùdó kan dé èkejì kó tó padà síbi tó ti gbéra. Casa ni àwọn Ìtálì ń pe ibi tó ti gbéra náà, ìyẹn ilé. Nígbà tí Ìbíwùmí kọ́kọ́ gbọ́ pé gbogbo wàhálà inú eré náà kò ju kí èèyàn kúrò nílé kó sì tún padà sílé láyọ̀, ó wojú pápá títí.

Àǹtí Bùkọ́ di irun kan parí, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ṣé o ṣì ń rí i?"

"Rí kí ni, àǹtí?"

"Má ṣe bíi pé o ò mọ̀. Bàbá òyìnbó yẹn."

Oníbàárà kan wọlé, ó ra iṣu, ó jáde.

"Mi ò rí wọn," ló wá sọ. "Ọwọ́ wọn ni mo máa ń rí."

*

Torino ni Ìbíwùmí kọ́kọ́ dé nígbà tó kúrò ní Ìkirè lọ́dún 1990. Ó fi ọmọ rẹ̀ obìnrin, Testimony, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn nígbà náà, sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Bàbá ọmọ ti bá tirẹ̀ lọ. Yàrá kan ní àdúgbò Barriera di Milano ni òun àti àwọn obìnrin mìíràn há ara wọn mọ́. Kò ní ìwé, kò gbọ́ èdè, iṣẹ́ tó bá sì rí lónìí lè máà sí mọ́ lọ́la. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì ló ti gbọ́ pé obìnrin Ìtálì kan, Signora Carla, ń wá ẹni tó máa bá a tọ́jú bàbá rẹ̀ ní Padova. Báyìí ló ṣe di ará ilé Signor Ettore.

Opó ọkùnrin ni Signor Ettore. Rọpárọsẹ̀ ti mú wọn ní ẹsẹ̀ méjèèjì àti ọwọ́ òsì, ó sì ti gba ohùn lẹ́nu wọn pátápátá. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló kù. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ṣe ni bàbá náà ń fi ọwọ́ yẹn ta àwo oúnjẹ dànù. Wọ́n á ṣe ìka báyìí, wọ́n á ṣe é báyẹn, láàárín itan wọn. Ìbíwùmí á gbé omi wá, wọ́n á mi orí. Á gbé ìrọ̀rí wá, omijé ìbínú á bọ́ lójú wọn. Ìbíwùmí á wọ ilé ìdáná lọ, òun náà á sunkún tirẹ̀.

Ọ̀rẹ́ wọn kan, àgbàlagbà bíi tiwọn tó ń jẹ́ Livio, ló tú ọ̀rọ̀ náà. Bàbá Livio wá kí wọn lọ́jọ́ kan, ó rí ìka tó ń ṣí tó ń pa dé láàárín itan, ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún.

"Ó ń pe bọ́ọ̀lù fún mi ni," ni bàbá Livio wí fún Ìbíwùmí. "Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ló ń bá mi sọ."

Àṣé ẹgbẹ́ Brenta kan náà ni àwọn méjèèjì ti jọ ṣeré nígbà èwe wọn, nígbà tí àwọn sójà Amẹ́ríkà fi eré náà sílẹ̀ sẹ́yìn lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì. Livio ló ń ju bọ́ọ̀lù. Ettore ló ń lóṣòó lẹ́yìn onígi láti gbá a mú. Ẹni tó lóṣòó yìí ló sì máa ń sọ fún ẹni tó ń jù ú irú èyí tó yẹ kó jù. Ẹnu kọ́ ló fi ń sọ ọ́, nítorí ọ̀tá wà níwájú rẹ̀ gan-an. Ìka ló fi ń sọ ọ́, láàárín itan. Ìka kan, kó jù ú gbọnrangandan. Ìka méjì, kó jẹ́ kó yà. Ẹ̀ṣẹ́ dídì, kó dúró ná.

Láti ọjọ́ náà ni Ìbíwùmí àti bàbá ti ní èdè tiwọn. Ìka kan di omi. Ìka méjì di "gbé mi jáde." Ẹ̀ṣẹ́ dídì kò yí padà: dúró ná. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, wọ́n fi òmíràn kún un, títí Ìbíwùmí fi lè wà níbi iná ọbẹ̀ kó bojú wẹ̀yìn, kó sì mọ̀ pé bàbá ń bèèrè bóyá lẹ́tà ti dé láti Ìkirè. Kò sí ẹlòmíràn ní Ìtálì tó ń bèèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Gbogbo ọjọ́ Sátidé tí eré bá wà, ìka méjì. Á ti kẹ̀kẹ́ arọ wọn gba etí odò Brenta dé pápá, á gbé wọn síwájú nẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́yìn casa, ibi tí bàbá ti lè máa wo ẹni tó lóṣòó síbi tí àwọn náà ti ń lóṣòó nígbà kan.

Àwọn ọdún yẹn burú. Oníṣòwò àga tó ń náwó sí ẹgbẹ́ náà ti yọ ọwọ́. Àwọn òṣèré ń wọ aṣọ oríṣiríṣi, ẹlòmíràn nínú wọn sì máa ń ti ẹnu iṣẹ́ bọ̀ pẹ̀lú eruku sìmẹ́ǹtì lára. Wọ́n gé iná pápá. Koríko wú kọjá ààlà. Ẹgbẹ́ yìí na wọn, ẹgbẹ́ ọ̀hún na wọn, nígbà tó sì yá, kò sẹ́ni tó ń wá wò wọ́n mọ́ àyàfi ìyàwó àwọn òṣèré, fada kan tó máa ń sùn lórí ìjókòó, àti Ìbíwùmí pẹ̀lú bàbá rẹ̀. Òjò á máa pa wọ́n, Ìbíwùmí á ṣí agbòjò bo àwọn méjèèjì. Bó bá ní káwọn máa lọ, ẹ̀ṣẹ́ dídì.

Ọdún wọ̀nyẹn náà ni ọdún ìyà tirẹ̀. Kò ní permesso, ìwé àṣẹ ìgbélùú, kò sì lè rọ́nà lọ sílé, torí ẹni tó bá jáde láìní ìwé kò ní í lè wọlé mọ́. Lórí tẹlifóònù, ohùn Testimony ń yí padà láti oṣù kan sí òmíràn, bíi pé ọmọ mìíràn ni wọ́n ń gbé fún un.

Lọ́dún 1993, ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, tẹlifóònù dún ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Kẹ́hìnsí, ni.

"Ìbíwùmí, ṣé o wà ní ìjókòó? Màámi ti lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ àná."

Ìbíwùmí dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n jíṣẹ́ lásán fún. Ó gbé tẹlifóònù sílẹ̀, ó wẹ bàbá, ó fún wọn lóúnjẹ. Nígbà tí bàbá fi ìka méjì hàn án, ó ti kẹ̀kẹ́ lọ sí pápá. Wọ́n ń na Brenta bí ẹní na bàrà lọ́jọ́ náà. Láàárín eré ni omijé bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú rẹ̀, kò sì lè dá a dúró. Bàbá yíjú sí i. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n di ẹ̀ṣẹ́, wọ́n gbé e lé orí itan: dúró ná. Wọn ò sì tú u. Abala kan parí, òmíràn bẹ̀rẹ̀, apá náà ń gbọ̀n, ẹ̀ṣẹ́ náà wà lórí itan títí eré fi parí. Ẹni tó bá a ṣọ̀fọ̀ ìyá rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Ìtálì kò ju ọwọ́ kan náà lọ.

Bàbá kú ní ìgbà ìrúwé ọdún 1995, ní òwúrọ̀. Wọn ò kúrò lórí ibùsùn mọ́ láti ìgbà òtútù. Òdòdó ti ń yọ lórí igi tó wà ní àgbàlá, Ìbíwùmí sì kọjú sí fèrèsé láti ṣí i kí òórùn dídùn náà lè wọlé. Ìkọ́ fèrèsé náà le. Nígbà tó ṣí tán tó yíjú padà, ọwọ́ bàbá ń lọ lórí bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ìparí rẹ̀ ló rí. Bàbá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, wọ́n fi gbá orí bùláńkẹ́ẹ̀tì lọ lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹní ń nu eérú kúrò lórí tábìlì. Ojú wọn wà lára Ìbíwùmí. Ọwọ́ náà dúró.

"Bàbá, kí lẹ sọ?" ni Ìbíwùmí wí, ní Yorùbá. Ó tún un sọ ní Ìtálì. Ó kúnlẹ̀ tì wọ́n. "Ẹ tún un sọ, ẹ jọ̀ọ́."

Wọn ò tún un sọ.

*

Látọjọ́ náà ni ọwọ́ yẹn ti ń bá a kiri. Nínú bọ́ọ̀sì, tí àgbàlagbà kan bá gbọ́wọ́ lé itan, àyà rẹ̀ á já. Lójú dígí tí èémí ti bò, á rí i tí nǹkan gbá a lọ, jẹ́jẹ́, láti ọ̀tún sí òsì. Lójú oorun, á máa ja ìkọ́ fèrèsé náà, fèrèsé kò ní í ṣí, á sì mọ̀ pé lẹ́yìn òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ó rí ìwé gbà lẹ́yìn náà, ó sì rí iṣẹ́ ní ilé àwọn arúgbó. Àǹtí Bùkọ́ mú un lọ bá pásítọ̀ wọn. Pásítọ̀ gbàdúrà lé e lórí, wọ́n ní ẹ̀mí òkú ló rọ̀ mọ́ ọn, kó má ṣe dé pápá yẹn mọ́. Ìbíwùmí gbìyànjú. Kò lọ fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí kò lọ gan-an ni ọwọ́ náà wá ń yọ sí i lójú jù. Ó padà síbẹ̀, kò sì sọ fún pásítọ̀.

Níbẹ̀ ló ti rí bàbá Livio lọ́jọ́ kan, ó sì bi wọ́n. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ó fi gbá itan ara rẹ̀ bó ṣe rí i.

"Báyìí ni wọ́n ṣe, signore. Kí ló túmọ̀ sí?"

Bàbá Livio wo ọwọ́ rẹ̀, ojú wọn pọ́n.

"Píparẹ́ ni. Ó ń sọ pé kó o gbàgbé gbogbo ohun tí òun ti sọ ṣáájú, kò wúlò mọ́. Àmọ́ tó bá ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ tàbí igbá àyà, ó yí padà nìyẹn. Ó ń sọ pé gbogbo rẹ̀ ni kó o ṣe, má fi ọ̀kan sílẹ̀. Kí ló kọ́kọ́ ṣe?"

"Mi ò mọ̀. Fèrèsé ni mo kọjú sí."

Bàbá Livio gbá a lọ́wọ́ mú. "Nígbà náà, èmi náà ò mọ̀, ọmọ mi. Ọdọọdún la sì máa ń yí i padà."

Ohun tí Ìbíwùmí wá ń gbé kiri nìyẹn. Bàbá ní kó gbàgbé gbogbo rẹ̀, tàbí bàbá ní kó má gbàgbé ìkankan.

*

Nígbà tí irun parí, ó lọ mú Testimony nílé. Ọmọ náà ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ọdún tó kọjá ló dé láti Ìkirè, ọ̀dọ̀ Kẹ́hìnsí ló ti ń gbé níbẹ̀ látìgbà tí ìyá àgbà ti kú. Kíá ló gbọ́ èdè Ìtálì, èdè náà nìkan ló sì ń sọ. Ìbíwùmí á bá a sọ Yorùbá, á fi Ìtálì dáhùn. Mamma ló ń pe ìyá rẹ̀, bó ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ìkirè kì í jáde lẹ́nu rẹ̀. Tí ìyá rẹ̀ bá dá a sílẹ̀, á gbé ìwé iléèwé.

Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì lọ sí pápá. Ẹnu ya Ìbíwùmí nígbà tí wọ́n débẹ̀. Wọ́n ti tún iná ṣe, pápá mọ́lẹ̀ kedere, èrò kún fọ́fọ́. Àwọn tí Ìbíwùmí kò rí níbẹ̀ rí ń kọrin Brenta bíi pé inú òjò yẹn làwọn náà ti ń bọ̀. Níwájú nẹ́ẹ̀tì, níbi tí kẹ̀kẹ́ bàbá máa ń dúró sí, ọkùnrin kan ti gbé tábìlì kalẹ̀, ó ń ta búrẹ́dì ẹlẹ́ran. Ìbíwùmí wá ìjókòó sí ìtòsí ibẹ̀, kò sì lè yé wo tábìlì náà.

Gbogbo ohun tó sọ fún Àǹtí Bùkọ́ kò ṣẹ. Àwọn òṣèré Brenta ní sùúrù lóòótọ́, wọ́n jẹ́ kí ọlọ́wọ́ òsì náà ju bọ́ọ̀lù títí, àmọ́ abala karùn-ún dé, kò rẹ̀ ẹ́. Abala keje dé, ṣe ló ń jù ú bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Tagliamento fi ẹyọ kan ṣíwájú. Ìbíwùmí ń pàtẹ́wọ́ láìmọ̀ pé òun ń pàtẹ́wọ́.

"Non è stanco," ni Testimony wí: kò rẹ̀ ẹ́.

"Mo rí i."

Ní abala tó kẹ́yìn, nígbà tó ku ẹnì kan ṣoṣo tí àǹfààní Brenta á fi tán, èèyàn Brenta méjì wà lórí ibùdó tí wọ́n ń wá bí wọ́n ṣe máa wọlé. Ẹni tó gbé igi jáde ni Moro, apárí ọkùnrin, ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń wọ pápá pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì lára nígbà kan. Òun nìkan ló kù nínú àwọn ọdún burúkú yẹn. Ọlọ́wọ́ òsì ju àkọ́kọ́, Moro fi igi nà án, kò bà á. Ó ju èkejì, bọ́ọ̀lù kọrí sí àyà Moro, kò sì sá. Bó ṣe fẹ́ yà báyìí, Moro nà án. Ìró igi náà le gan-an. Bọ́ọ̀lù gba orí àwọn tó ń ṣọ́ pápá kọjá, ó balẹ̀ sínú koríko, àwọn méjèèjì tó wà lórí ibùdó sì sá wọlé, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Brenta gòkè.

Pápá dà rú. Àwọn èèyàn fo igi ìdènà, wọ́n ń gbá ara wọn mọ́ra, wọ́n gbé Moro sókè. Ìbíwùmí dìde. Kò wo pápá. Ó wo ibi tábìlì náà. Ó ń wá ọwọ́.

Kò sí. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin tó ń ta búrẹ́dì, ó wo itan àwọn àgbàlagbà tó jókòó, ó wo nẹ́ẹ̀tì. Láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó wá a tí kò rí i. Ó yẹ kó dúpẹ́. Dípò bẹ́ẹ̀, ṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn ṣílẹ̀kùn ilé tí wọ́n ti kó gbogbo ẹrù inú rẹ̀ lọ, tí ohùn ara rẹ̀ ń dá a lóhùn lára ògiri. Omijé bọ́.

"Mamma, abbiamo vinto," ni Testimony wí, pé àwọn ti borí. "Perché piangi?" Kí ló wá ń pa á lẹ́kún?

"Mo ń wá ẹnì kan ni."

"Chi?" Ta ni?

"Bàbá kan. Wọ́n ti kú. Mo wà lọ́dọ̀ wọn nígbà tí wọ́n ń kú lọ, àmọ́ wọ́n sọ nǹkan kan, mi ò gbọ́ ọ."

Testimony di aṣọ ìyá rẹ̀ mú títí wọ́n fi dé ibùdókọ̀. Nínú bọ́ọ̀sì, ó kọjú sí fèrèsé. Iná ìlú ń kọjá lójú rẹ̀. Nígbà tó wá lanu, ohùn rẹ̀ kéré, Yorùbá ló sì fi sọ ọ́, Yorùbá Ìkirè pọ́ńbélé, bí ẹni pé kò dákẹ́ rẹ̀ rí.

"Ìyá àgbà pè yín."

Ìbíwùmí yíjú sí i. "Kí lo wí?"

"Lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n dùbúlẹ̀, wọn ò ríran mọ́. Wọ́n ń pe, 'Ìbíwùmí, Ìbíwùmí, ṣé o ti dé?' Gbogbo èèyàn dákẹ́. Àǹtí Kẹ́hìnsí fọwọ́ tì mí lẹ́yìn, wọ́n ní kí n lọ dáhùn. Mo lọ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní, 'Mo ti dé, màámi.'"

Bọ́ọ̀sì dúró, àwọn kan sọ̀ kalẹ̀, ó tún gbéra.

"Kí ni wọ́n wá sọ?" ló sọ nígbà tó yá.

"Wọ́n ní, 'Ebi á ti máa pa ọ́.' Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní kí wọ́n bu oúnjẹ fún mi. Ni wọ́n bá sùn."

Ibi tó yẹ kí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ dé, kò sẹ́ni tó tẹ aago nínú àwọn méjèèjì. Wọ́n kọjá Prato della Valle, wọ́n kọjá ilé ìwòsàn, wọ́n ń lọ. Ìbíwùmí fi ọmọ náà mọ́ àyà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè: aṣọ wo ni màámi wọ̀ lọ́jọ́ náà, ta ló wà nínú yàrá, ṣé òjò ń rọ̀, irú oúnjẹ wo ni wọ́n bù. Ọmọ náà ń dáhùn. Bó bá gbàgbé ọ̀kan, á pa ojú dé, á rò ó, á sì rántí.

"Ẹ̀bà ni," ló wí. "Ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá. Mo jẹ ẹ́ tán."